Wọ́n Kà Mí Mọ́ Wọn, Mo Ní Rárá

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo lè dúró nídìí síǹkì kí n máa fọ abọ́, ó kàn máa sọ sí mi lọ́kàn ni: ká ní mo panu mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Bàbá ì bá ti ṣe ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jáde, oníkálukú ì bá ti tètè sá kúrò nínú òjò lọ sílé ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yanu, mo sọ̀rọ̀. Pé mo sọ̀rọ̀ gan-an kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì dákẹ́.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ẹ mọ bó ṣe rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò yín, ẹ jẹ́ ká rékọjá. Ọdún méjì rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ bàbá Júù kan lápá Ilford, ẹni ọdún 91, ọpọlọ wọn pé, ẹnu wọn mú bí abẹ, ẹsẹ̀ nìkan ló ti ń dá wọn lágara, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn. Bàbá ni mo máa pè wọ́n títí mo fi máa parí. Àwọn náà ń pè mí ní ọ̀dọ́mọkùnrin, èmi tí mo ti pé 48.

Kúlà ìrẹsì mi

Ṣúùlù ni àwọn Júù ibí ń pe sínágọ́gù, èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí n tó máa tẹ̀ lé Bàbá lọ, mo rò pé ilé àdúrà ṣáá ni, Sátidé sí Sátidé, kí wọ́n wọlé kí wọ́n jáde. Àṣé mi ò mọ nǹkankan. Pátákó ìkéde wọn kún ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ: oúnjẹ ọ̀sán fáwọn àgbà ní Tuesday, eré ìdárayá orí àga, kíláàsì èdè Hébérù, orúkọ àwọn tó máa lọ kí aláìsàn lọ́sẹ̀ náà, orúkọ àwọn tó máa gé ewé tí wọ́n máa fi bo àtíbàbà nígbà Sukkot, ọdún àtíbàbà wọn. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ló tún ń pín iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ géètì láàárín ara wọn, torí kò sí ṣúùlù tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ gbayawu mọ́ nílùú yìí. Ní 2 October 2025, ọjọ́ Yom Kippur, ìyẹn Ọjọ́ Ètùtù wọn, wọ́n kọ lu sínágọ́gù kan ní Manchester, ọmọ ìjọ méjì ló bá a lọ. Ọkùnrin kan, tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná lọ́sàn-án, ló máa ń wà ní géètì tiwa, ó ti mọ̀ mí débi pé kúlà mi nìkan ló kù tó máa ń yẹ̀ wò.

Kúlà yẹn gan-an ni mo fi dójú ti ara mi ní Tuesday àkọ́kọ́. Ìrẹsì àti pọ̀nmọ́ ni mo gbé lọ, mo rò ó pé kí n má lọ máa wojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí i báyìí lórí tábìlì ni màmá tó ń darí kíṣìnì rọra gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má ṣí i níbí." Mo kọ́kọ́ bínú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n mú mi wọ kíṣìnì ló yé mi: ìkòkò ẹran ọ̀tọ̀, ìkòkò wàrà ọ̀tọ̀, síǹkì pàápàá méjì, ẹran tí wọn ò bá pa bí òfin wọn ṣe ní kí wọ́n pa á kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì yẹn, bíi tàwọn alhájì wa tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa ẹran kí wọ́n tó tọwọ́ bọ abọ́. Mo jẹ ìrẹsì mi nínú mọ́tò. Nígbà tí mo padà wọlé, màmá náà ti bu ọbẹ̀ adìẹ dè mí, nǹkan róbótó méjì wà nínú ẹ̀ bí àkàrà tó ń lúwẹ̀ẹ́. Látọjọ́ yẹn mi ò gbé kúlà lọ mọ́.

Mo ti wá bá wọn ṣe ọdún méjì gbáko. Mo wà níbẹ̀ nígbà Purim tí wọ́n ń ka ìwé Ẹ́sítérì, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Hámánì, àwọn ọmọdé á pariwo, wọ́n á lu agolo, wọ́n á fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí orúkọ náà má baà gbọ́ létí ẹnikẹ́ni, Bàbá mi náà gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ń fi lu ilẹ̀ gbàgà gbàgà, ẹni tí kò lè nàró láàárọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà Sukkot, nínú àtíbàbà tí òfin ní kí òrùlé ẹ̀ jẹ́ ewé, kó sì ṣí díẹ̀ kéèyàn lè máa rí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ wo ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù October? Òjò ló ń kán sínú ọbẹ̀ wa. Agolo kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ju owó sí fáwọn aláìní, tzedakah ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu dáadáa, sàráà wa ni. Látọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá la ti gba sàráà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn àti ti Hébérù yìí sì jọ jẹ́ ọmọ ìyá ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ ìyẹn, bí ẹni tó rí àbúrò ẹ̀ lọ́jà tí kò rò pé òun ti máa rí i.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn

Ó wá di alẹ́ Wednesday kan báyìí, àyájọ́ ọjọ́ tí ìyá Bàbá kú. Oṣù ni wọ́n ń wò ka kàlẹ́ńdà wọn, torí náà ọjọ́ yẹn kì í bọ́ sí déètì kan náà lọ́dọọdún, Bàbá ni wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n lọ́kàn. Ó ti pé ọdún 67 tí Màmá wọn ti kú. A tan àbẹ́là kan sínú gíláàsì lórí tábìlì, èyí tó máa jó di alẹ́ ọjọ́ kejì, a wọ kóòtù, ó di ṣúùlù. Kaddish ni Bàbá fẹ́ lọ kà. Àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òkú òbí ẹ̀ ni, èdè Árámáíkì ni wọ́n fi ń kà á, kò sì sí ibì kankan nínú ẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ ikú. Oríkì Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ kú á dìde, á máa ki Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n èèyàn kan ò lè dá a kà, ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá. Ní ṣúùlù tiwọn yìí ọkùnrin mẹ́wàá ni, ẹni tó ti lé ní ọdún 13. Nígbà kan, bí Bàbá ṣe sọ, èèyàn máa ń wá àyè ìjókòó tì lọ́jọ́ lásán. Ní báyìí àwọn ọmọ ti kó lọ sí Hertfordshire, àwọn mìíràn ti lọ sí ìwọ̀-oòrùn àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó kù ni àwọn tí orúnkún ń dùn.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń bójú tó ètò àdúrà, gabbai ni wọ́n ń pe ipò ẹ̀. Ti alẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀, kì í wá ní Tuesday. Ó dìde, ó fẹ́ ka èèyàn. Bó ṣe kà á ló mú mi lójú. Kò nàka, kò sì ní oókan, eéjì. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan ló ń sọ, ó ń wo ojú kan, ó sọ òmíràn, ó wo ojú kejì. Sáàmù 28 ẹsẹ 9 ni, mo béèrè lẹ́yìn náà, èyí tó ní kí Ọlọ́run gba àwọn èèyàn ẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló wà nínú ẹsẹ náà ní èdè Hébérù, tó bá parí ẹ̀ tán tí kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù, a jẹ́ pé èèyàn pé. Wọn kì í ka èèyàn ní oókan eéjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ! A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìyá ìyá mi, tí wọn ò rí Júù rí láyé wọn, máa gbá ọ lọ́wọ́ tó o bá nàka sí àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní tó o fẹ́ kà wọ́n. Àwa onígbàgbọ́ náà sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Dáfídì ka Ísírẹ́lì, 70,000 èèyàn ni àjàkálẹ̀ àrùn pa. Mo jókòó síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá àgbà mi nínú ọkàn mi, mi ò tiẹ̀ kíyè sí i pé ojú ọkùnrin yẹn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wò mí, ó sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pé.

Ìgbà tí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé wọn ló tó yé mi pé èmi ni ẹnìkẹwàá.

Mi ò dá a lẹ́bi. Fìlà kékeré wọn wà lórí mi, èyí tí wọ́n máa ń kó sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà fún àlejò, mo sì jókòó bí ẹni tó mọbẹ̀. Àwọ̀ dúdú kì í sì í ṣe nǹkankan, Júù dúdú wà: ní 1991 wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn tó lé ní 14,000 láti Ethiopia lọ sí Ísírẹ́lì láàárín wákàtí 36. Bóyá ó tiẹ̀ ń ṣọ́ra kó má baà bi mí ní ìbéèrè tó máa dójú tì mí. Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo ìwé wọn. Ojúewé tí wọ́n ṣí kì í tiẹ̀ ṣe ojúewé Kaddish.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, èmi kì í ṣe Júù o. Bàbá ni mo mú wá."

Ilé dákẹ́. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, èmi náà tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá kọlura lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró sí ọ̀rọ̀ kẹsàn-án, ad. Bàbá ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì: ad ni títí, ọ̀rọ̀ kẹwàá, ha'olam, ni ayé. Ẹsẹ náà gé sí títí. Ayé ò sí níbẹ̀.

Àpótí kì í ṣe èèyàn

A wá jókòó, à ń retí. Ẹnìkan ń pe fóònù kiri bí ẹni ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń pa wá lẹ́rìn-ín kí àkókò lè lọ. Ó ní ṣé mo mọ ibi tí wọ́n ti rí mẹ́wàá? Ó ní àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ wo Kénáánì, mẹ́wàá ló mú ìròyìn búburú wá, Ọlọ́run wá pè wọ́n ní ìjọ èèyàn búburú, àwọn àgbà rí ọ̀rọ̀ ìjọ yẹn, wọ́n ní ó dáa, a jẹ́ pé mẹ́wàá ló ń jẹ́ ìjọ. Ẹlẹ́nu búburú mẹ́wàá ló wá di òṣùwọ̀n àdúrà. Ó tún ní nínú Talmud, ìwé tí àwọn àgbà wọn ti ń jiyàn lórí Òfin, àgbà kan dábàá pé tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kí wọ́n ka àpótí tí ìwé Òfin wà nínú ẹ̀ mọ́ wọn, èkejì ẹ̀ bi í pé, àpótí ha í ṣe èèyàn bí?

Ọ̀rọ̀ dùn, ó ń bá a lọ. Ó ní ojúewé yẹn kan náà ló sọ ti Rábì Eliezer, tó wọ sínágọ́gù tí wọn ò pé mẹ́wàá, ló bá dá ẹrú ẹ̀ sílẹ̀ lómìnira lójú ẹsẹ̀ kó lè kà á mọ́ wọn.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló wò mí, gbogbo wọn náà wò mí, ọ̀rọ̀ wá rọ̀ mọ́ wọn lọ́fun. Ẹ foju inú wò ó: aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú ilé, tó gbé kóòtù ẹlòmíràn sórí itan. Ó ta mí o, ẹ má jẹ́ n purọ́, ó ta mí fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo wá ní, "Ẹ́jẹ́ǹsì ló ni mí sà, àwọn lẹ máa bá sọ̀rọ̀, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì ń ṣírò owó." Bàbá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in débi tí ikọ́ fi gbé wọn.

Màmá kíṣìnì wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ló ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. Obìnrin tó ti ń bọ́ ìjọ yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Ìlá. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi, wọ́n ní, "Èmi náà ò sí nínú ẹ̀." Àwọn ìjọ Júù mìíràn wà tí wọ́n ń ka obìnrin, tiwọn kì í kà á. Mi ò ní wá síbí wá sọ fún yín pé gbogbo ìṣe wọn ló dára. Èyí ò dára lójú mi. Tó bá jẹ́ àìsí màmá yìí ni, ṣúùlù yẹn á ti kógbá sílé tipẹ́.

Lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ilẹ̀kùn ṣí, ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó so ọmọ jòjòló mọ́ àyà, irun ọmọ náà ṣì tutù, ó dájú pé inú omi ni wọ́n ti pè é. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò rojọ́, ó kàn dúró. Ìdúró yẹn ni gbogbo nǹkan tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n gba àdúrà alẹ́ wọn, nígbà tó kan Kaddish, Bàbá di irin wọn mú, wọ́n dìde, wọ́n kà á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Níbi tí àwọn yòókù ti ń dá wọn lóhùn pé Àmín, èmi náà ń ṣe Àmín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún mi.

Nínú mọ́tò mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ etí àwọn ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ etí tó máa ń gbọ́ nọ́ńbà bíńgò láti òdìkejì gbọ̀ngàn ní Tuesday! Mi ò sọ nǹkankan. Ọmọ tó fẹ́ ki Ọlọ́run torí ìyá ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló kù, tí ẹni yẹn sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń mí, tó gbé kóòtù ẹ̀ dání. Lójú Bàbá, bóyá mo ti pé.

Yẹ̀pẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé wọn lọ sí ọsibítù, nígbà tá à ń bọ̀ wọ́n ní ká gba Brick Lane, wọ́n fẹ́ fi ilé kan hàn mí. Mọ́sáláṣí ni. Ní 1743 ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì tó sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé ni, àwọn Mẹ́tọ́díìsì lò ó, ní 1898 ó di sínágọ́gù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń mú Bàbá lọ ní kékeré, ní 1976 àwọn Mùsùlùmí Bangladesh sọ ọ́ di tiwọn. Bàbá ò banú jẹ́. Wọ́n ní, "Ó ṣáà ń rí èèyàn." Mo ronú kan àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kún fọ́fọ́ ní Peckham àti Dagenham, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn.

Ìyá mi ni mò ń ronú kàn jù. 2019 ni wọ́n kú, ìwé mi ò tíì jáde nígbà yẹn, tí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde ní ìlú yìí mi ò ní lè padà wọlé. Mo fi owó ránṣẹ́. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: owó màlúù, owó aṣọ ẹbí, owó kánópì, mo san ju ẹni tó wà nílé lọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níbí náà dáwó, kò sẹ́ni tó sọ pé mi ò ṣe dáadáa. Èèyàn kún ojúde wa ní Ìlá débi pé wọ́n dúró sójú títì. Mò ń wò ó lórí WhatsApp nínú yàrá mi, nígbà tí wọ́n gbé pósí dé ẹ̀bá kòtò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Ìgbà tó fi máa padà, wọ́n ti ń jó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ṣe é tán láìsí mi, kò sì hàn lára ẹ̀. Èrò tó pọ̀ tó yẹn, ta ló máa mọ̀ pé ẹnìkan dín? Èèyàn laṣọ mi là ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá tóbi púpọ̀, tí fọ́nrán òwú kan bá já lára ẹ̀, kò ní hàn. Ọkùnrin tó wọ sílípáàsì wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun mọ̀ pé tí òun ò bá wá, títí á kàn wà níbẹ̀ láìní ayé. Èmi ò mọ̀ ọ́n lára rí, àfi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí wọ́n ṣèèṣì kà mí, mo sì fi ọwọ́ ara mi dá a padà.

Ní Sunday tó kọjá mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlá. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ iná, a sọ̀rọ̀ epo. Mo wá bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀, ta ló da tèmi?"

Wọ́n ní kí ló dé tí mò ń béèrè lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Mo ní ẹ kàn sọ fún mi.

Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó da tìẹ. Bí wọ́n ṣe bí wa ni pásítọ̀ ń pè wá. Èmi dà á, Ṣadé dà á, wọ́n wá pe orúkọ ẹ. A dúró. Pásítọ̀ tún un pè, ẹ̀rù ba àwọn ọmọdé, wọ́n rò pé ìwọ náà ti kú ni. Ìgbà tó yá ló bọ́ sórí àbúrò ẹ."

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Bọ̀dá náà dákẹ́ díẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní ṣé mo ti rí nǹkan ṣe sí owó páànù ilé Màmá tí àwọn sọ lóṣù tó kọjá, torí òjò ti ń bọ̀.